Ìwà Àìbìkítà Wa ní Ilé Epo

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlú wa ní Agbabu

Nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìwà àwa oníbàárà ní ilé epo, àti ewu iná tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àárín ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Benin kọjá ní Ore mọ bí ilé epo ti tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́kadà tàbí ọkọ̀ akérò tí ń ná ọ̀nà tiwa yìí tí kì í yà sí ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ ilé epo ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fi ojú rí ni n ó sọ, pẹ̀lú ohun tí àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwa ọmọ Agbabu kì í ṣe àlejò ohun tí ń ti inú ilẹ̀ jáde. Láti ọdún 1910 ni a ti mọ orúkọ ìlú yìí mọ́ ọ̀dà, nígbà tí àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí wọn, ń gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè wa. Iṣẹ́ wọn dúró ní ọdún 1914 tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò bá wọn dúró. Ó ṣì ń sun jáde títí di òní, bí oòrùn bá sì mú, a máa ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, a ń bá a gbé. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni àìbẹ̀rù wa ti ṣẹ̀. Nítorí pé ọ̀dà kì í tètè gbiná, ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀bá rẹ̀ a máa wo gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìwà kan náà ni wọ́n ń hù.

Bẹntiróòlù kò fi ìwà jọ ọ̀dà rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ kẹrosíìnì. Ohun tí ń jó lára epo kì í ṣe omi rẹ̀ bí kò ṣe oru tí ń ti ara rẹ̀ dìde. Kẹrosíìnì ní láti gbóná dé bí ìwọ̀n 38 kí oru rẹ̀ tó pọ̀ tó èyí tí iná lè mú. Ní ti bẹntiróòlù, àní bí òtútù bá mú dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, tí ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, oru rẹ̀ a tún pọ̀ tó láti gbiná. Ẹ wá wo ọ̀sán gangan ní ìlú wa! Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ni í rá. A máa wọ gọ́tà, a máa lọ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun, ojú kì í sì í rí i. Bí a bá kó afẹ́fẹ́ ibì kan jọ tí a pín in sí ọ̀nà 100, bí oru epo bá ti gba ọ̀nà kan ààbọ̀ péré nínú rẹ̀, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń din àkàrà ní ìsàlẹ̀ òpópó fi lè dá iná sílẹ̀ ní ilé epo tí ó wà lókè, kí òun tìkára rẹ̀ má sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a ń ṣe. Ọlọ́kadà a wọ ilé epo, èrò méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kékeré kan níwájú rẹ̀ lórí táńkì. Kò ní í pa ẹ́ńjìnnì. Kò ní í sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní í jẹ́ kí èrò sọ̀ kalẹ̀. Yóò ní kí ọmọ náà sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò ṣí ìdérí táńkì láàárín itan ara rẹ̀, yóò sì na owó sí ọmọbìnrin tí ń ta epo. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná wà lábẹ́ táńkì, páìpù èéfín tí ó gbóná jù ú lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹnu epo sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín ènìyàn mẹ́rin. Bí epo bá ta sí ẹ́ńjìnnì, báwo ni wọn yóò ti sá? Awakọ̀ kò lè sọ̀ àfi bí èrò bá kọ́kọ́ sọ̀, ọmọ iwájú kò sì lè sọ̀ àfi bí awakọ̀ bá sọ̀. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ni yóò kẹ́yìn gbogbo wọn.

Bí a bá wá bu epo náà tán, ọ̀rọ̀ “fi kún un dé ẹnu” ni ó kù. Awakọ̀ yóò máa mi alùpùpù rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí afẹ́fẹ́ inú táńkì lè jáde, kí ó lè tún rí àyè díẹ̀ sí i. Ó gbà pé ọgbọ́n ni. Ẹ̀yin ará, epo inú ilé epo ti abẹ́ ilẹ̀ wá, ó sì tutù. Bí ó bá dé inú oòrùn, yóò wú. Kẹ́ẹ̀gì tí ó gba 20 lítà, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, epo inú rẹ̀ yóò fẹ́ àyè tí ó lé ní ìdá mẹ́ta lítà kan. Níbo ni yóò gbà nígbà tí a ti kún un dé ẹnu? Yóò gba ẹnu jáde ni, sórí ẹ́ńjìnnì tàbí sórí aṣọ ẹni tí ó gbé e lé itan.

Kì í ṣe ọlọ́kadà nìkan ni mo ń bá wí. Olówó tí ó gun jíìpù kì í fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní ooru ń mú òun. Bí ọmọ tí ń ta epo bá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ pa á, yóò bi í léèrè bóyá ó mọ ẹni tí òun í ṣe. Mo ti rí ọmọbìnrin tí ó sunkún lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ọ̀gá ilé epo kan tí ó dá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi kí oníbàárà má ba à bínú lọ sí òdìkejì títì. Ọmọ tí a ti bú lẹ́ẹ̀mẹta báyìí kò ní í tún kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Yóò dákẹ́, yóò bu epo, yóò gba owó. Bí a bá ń wá ẹni tí ó ń ba ààbò ilé epo jẹ́, kí a wo àwa tí a ń fi owó wa kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti dákẹ́.

Àwọn awakọ̀ èrò náà ń kó èrò kún inú ọkọ̀ kí wọ́n tó yà ra epo, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ti rà á kí wọ́n tó kó èrò. Wọn yóò tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan sí abẹ́ ìjókòó. Èrò ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ bo imú, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ títí dé Agbabu. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ ọ́.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lákòókò ọyẹ́, bí ẹ bá bọ́ aṣọ òtútù lọ́rùn nínú òkùnkùn, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tí ń ta pàrà, ẹ̀yin míràn sì ti rí ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú rẹ̀ rí. Iná ni. Irú iná yìí a máa gbá jọ sára kẹ́ẹ̀gì nígbà tí epo bá ń ṣàn wọ inú rẹ̀, pàápàá bí kẹ́ẹ̀gì náà bá wà nínú búùtù ọkọ̀ tàbí lórí rọ́bà, níbi tí kò ti lè rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ lọ. Bí ó bá pọ̀ tán, a fò láti ara kẹ́ẹ̀gì sí ara irin ẹnu pọ́ǹpù, oru epo sì ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Nítorí náà, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí a tó bu epo sí i, kí irin ẹnu pọ́ǹpù sì kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí epo yóò fi dá.

Ẹ ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí pé òun ni a kọ gàdàgbà sára ògiri ilé epo gbogbo. Petroleum Equipment Institute ní Amẹ́ríkà ti fi ọdún púpọ̀ kó ìròyìn iná ilé epo jọ, wọn kò sì rí ọ̀kan tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fóònù ni ó dá a. Iná ara aṣọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n bá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ mo fara mọ́ òfin náà. Ẹni tí ó gbé fóònù sétí kò gbọ́ ohun tí ọmọ tí ń ta epo ń wí, kò rí epo tí ń dà sílẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ẹlòmíràn ṣáná sí sìgá lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lábẹ́ àkọlé kan náà ni a ti ń sọ fún oníbàárà pé kí ó fi fóònù san owó, tàbí kí ó wá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sórí ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Ṣé kí a gbọ́ ti ògiri ni tàbí kí a gbọ́ ti ẹni tí ń gba owó? Kí àwọn onílé epo gbé ibi ìsanwó kúrò lẹ́bàá pọ́ǹpù, ìyẹn kò le.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń dẹ́rù bà yín lásán, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra, olú ìlú Ghana, ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ náà, àgbàrá sì bo ojú ọ̀nà nítòsí oríta Kwame Nkrumah. Àwọn ènìyàn sá sí abẹ́ òrùlé ilé epo kan níbẹ̀: àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àwọn oníṣòwò, àwọn tí ń dúró de ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òrùlé ilé epo ga, ó sì fẹ̀. Ta ni kò sá sí abẹ́ rẹ̀ rí nígbà òjò? Àgbàrá gbé epo sókè. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ni í máa wà, nítorí náà omi tí àwọn ènìyàn dúró sí di ohun tí iná lè mú. Ó mú un. Àwọn tí ó kú lé ní 150. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ìwádìí sọ pé ìdí sìgá tí ẹnì kan jù sínú omi náà ni ó tan iná. Ẹnì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ohun tí kò gùn tó ìka ọwọ́! Ní ìlú kan náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé tí a ti ń ta gáàsì bú gbàmù ní Atomic Junction. Ènìyàn 7 kú, àwọn tí ó fara pa sì lé ní 130.

N kò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ agbépo tí ó bá ṣubú, nítorí pé gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ. Ní Okobie ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2012, àwọn tí ó lọ gbọ́n epo tí ó dà sílẹ̀ tí wọ́n sì jóná lé ní 100. Ní Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n lé ní 150. Ojú títì tiwa ní Ore ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbà tọ̀sán tòru. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀kan ṣubú, ẹ sá kúrò níbẹ̀, ẹ sì pe 112. Garawa epo kan kò tó ìsìnkú.

Mo wá dé ibi tí ó le jù fún mi láti sọ, nítorí pé inú ìlú yìí ni ó wà, ojú àwọn tí mo fẹ́ bá wí ni mo sì ń wò. Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ra epo kún táńkì mọ́. Ìgò kan, ìgò méjì ni wọ́n ń rà. Nítorí náà ni tábìlì epo fi pọ̀ ní iwájú ilé. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta á, n kò wá láti gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Ẹni tí epo ọ̀kadà rẹ̀ bá gbẹ ní Agbabu lóru kò lè rìn dé Ore, ẹ̀yin ni ẹ ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé epo tí kò ní táńkì abẹ́ ilẹ̀ ni tábìlì yín jẹ́, ìdáná sì wà lẹ́yìn rẹ̀, yàrá tí ọmọ ń sùn sí sì wà lẹ́yìn ìdáná. Lálẹ́, kẹ́ẹ̀gì tí ó kù a wọ inú yàrá náà, nítorí olè. Oru tí mo ní ó ń rá ilẹ̀, abẹ́ ibùsùn ọmọ ni ó ń rá sí.

Ìgò tí a fi ń ta á tún ni ìgò tí ọmọ mọ̀ sí ti ohun mímu dídùn. Bí ọmọ bá gbé epo mì, tàbí bí àgbàlagbà tí ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú kí ó bì í. Bí ó bá ń bì í, ẹ̀dọ̀fóró ni epo yóò yà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Bákan náà, kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi gbé bẹntiróòlù rí, kí a má ṣe bu kẹrosíìnì sí i láéláé. Ìwọ̀nba bẹntiróòlù tí ó ṣẹ́kù sí ìdí kẹ́ẹ̀gì tó láti sọ àtùpà di ohun ìjà nínú ilé.

Bí iná bá wá ṣẹ́ yọ pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra wa? Ní ilé epo, bí iná bá mú ní ẹnu táńkì nígbà tí ẹnu pọ́ǹpù ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fà á yọ. Gbogbo ènìyàn ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó fà á yọ, ibẹ̀ sì ni epo ti ń tú ká sára rẹ̀ àti sára àwọn tí ó wà nítòsí. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ pariwo kí àwọn tí ń ta epo lè pa ẹ̀rọ láti ibi tí a ti ń pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má da omi sí epo tí ń jó, nítorí ohun tí mo sọ nípa Accra: orí omi ni epo yóò gùn, yóò sì máa jó lọ. Iyanrìn ni kí ẹ dà sí i, tàbí ìyẹ̀fun inú ohun èlò ìpaná. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá gbiná kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó dùbúlẹ̀ kí ó sì máa yí gbiri. Ojú ibi tí iná bá jó, omi tútù ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin, òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Iṣẹ́ tí dókítà yóò kọ́kọ́ ṣe ni láti fọ nǹkan wọ̀nyí kúrò, ìrora rẹ̀ kò sì kéré.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé yìí jíròrò lé lórí kò pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà wa lè ṣe òfin fún ara wọn pé kò sí èrò tí yóò wà lórí alùpùpù nígbà tí a bá ń bu epo, kí ó sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa bu ẹni tí ó bá rú u ní owó ìtanràn. Wọn yóò gbọ́ ti ara wọn ju ti ìjòyè tàbí ti ọlọ́pàá lọ. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì ná odò Olúwa ní láti jókòó pẹ̀lú wọn, nítorí pé ẹni tí iná bá ká mọ́ àárín odò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹgbẹ́ ìlú lè gbé àgbá iyanrìn mélòó kan àti ohun èlò ìpaná sí ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kì í ṣe sí inú ilé ẹnì kan tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ oko. Ìgbìmọ̀ ìṣúná yóò sọ iye rẹ̀ fún yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti àwọn ìyá tí ń ta epo. Mo fẹ́ kí a fún wọn ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, tí ó jìnnà sí ìdáná àti sí ilé ìwé, tí a lè kọ́ àtíbàbà sí, kí kẹ́ẹ̀gì má sì máa bá ọmọ sùn mọ́. Méjì nínú wọn ni mo bá sọ̀rọ̀ kí n tó wọlé síhìn-ín. Wọ́n ní àwọn kò kọ̀ láti kúrò, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ fi ojú rí ibi tí a ó fún àwọn kí àwọn tó gbé tábìlì àwọn kúrò ní iwájú ilé, àwọn sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọjà àwọn lóru. Ìbéèrè méjèèjì ni mo gbé síwájú Alága àti ẹ̀yin ìjòyè. Àwọn ìyá náà wà ní ìjókòó, wọ́n ń dúró de èsì.